Ilé Wà ní Ìdèrè, Ìwé Dà?

Àwọn àgbà ní oko kì í jẹ́ ti baba t'ọmọ kó máà ní ààlà. Baba àti ọmọ tó jọ ń bu òkèlè nínú àwo kan náà ló ń gbin pèrègún sáàárín oko wọn o. Mélòó mélòó wá ni ọmọ tó ti di ará London àti ìlú tó bí baba rẹ̀? Ọ̀rọ̀ ààlà yìí ni mo fẹ́ bá àwọn ọmọ Ìdèrè tó wà lókè òkun sọ, pàápàá àwọn tó ti kọ́lé sílé, tí àgádágodo kì í kúrò lẹ́nu ọ̀nà ilé náà àfi bí Kérésì tàbí Iléyá bá dé. Ilé ti dúró. Kí ni ìwé sọ nípa ẹni tó ni ín, àti iye ọjọ́ tó lè sùn nínú rẹ̀?

Ilé méjì kì í ṣe ohun tuntun ní agbègbè Ìbàràpá tí Ìdèrè wà. Ará Ìdèrè á ní ilé nígboro, á tún ní abà lóko. Abà ló ti ń gbin ẹ̀gẹ́, ẹ̀gúsí àti àgbàdo, á sì lo ọ̀pọ̀ oṣù níbẹ̀. Síbẹ̀, bí ẹ bá bi í níbi tó ti wá, Ìdèrè ni á dárúkọ, agbo ilé rẹ̀ ni á sì tọ́ka sí. Àwọn oníṣègùn Yunifásítì Ìbàdàn tó wá gbógun ti sòbìyà ní Ìdèrè láyé ọjọ́un mọ èyí dáadáa. Ìgboro nìkan kò tó wọn. Àfi kí wọ́n tọ àwọn ènìyàn lọ sábà. Ibi tí ènìyàn ń gbé lọ́tọ̀, ibi tó ti wá lọ́tọ̀. Abà àti ìgboro kì í sì béèrè ìwé lọ́wọ́ ara wọn, torí abẹ́ ọba kan náà ni wọ́n wà. Ìgbà tí abà ẹni bá di Peckham tàbí Houston, tí ìjọba méjì wà láàárín, ọ̀rọ̀ yí padà.

Ẹni tó bá rò pé bí ìlú bá ti mọ òun, ó ti tó, kó bi àwọn tó ti Gánà bọ̀ léèrè. Àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìgbẹ́tì, Ìgbòho àti Ṣakí ti ń tajà ní Gánà tipẹ́tipẹ́ kí òmìnira tó dé. Wọ́n wà ní Kumasi, wọ́n wà ní Tamale, wọ́n kọ́lé, wọ́n bímọ, àwọn ọmọ náà bímọ. Òmíràn nínú wọn kò tíì fojú kan ilé baba rẹ̀ rí. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti gbà á, tàbí kó fi Gánà sílẹ̀. Ohun tí ẹlòmíràn fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kó jọ, ọ̀pọ̀ ló tà á, kó lè rówó ọkọ̀ san. Aládùúgbò mọ̀ wọ́n. Baálẹ̀ mọ̀ wọ́n. Ìwé ni kò mọ̀ wọ́n.

Kí a má sì fi Gánà ṣe ẹni burúkú. Ní oṣù kìíní ọdún 1983, ìjọba Shehu Shagari náà ní kí àwọn àjèjì tí kò níwèé máa lọ, ọ̀sẹ̀ méjì náà ni wọ́n kọ́kọ́ fún wọn, àwọn ará Gánà ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ibẹ̀ ni báàgì onílà tí gbogbo wa ń pè ní Ghana Must Go ti gba orúkọ. Ohun tí àwa náà ṣe fún ẹni tó ń bá wa gbé kò jìnnà sí èyí tí wọ́n ṣe fún wa.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ilé tó wà ní Ìdèrè. Ìbéèrè tó ṣáájú ni pé, lójú òfin, ọmọ Nàìjíríà ni ẹni tó ni ín àbí àjèjì? Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi orúkọ àti oríkì dáhùn èyí. Ìwé Òfin Nàìjíríà ti 1999, abala 25, ní ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun, tí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ọmọ Nàìjíríà ni láti inú ìyá rẹ̀ wá. Abala 28 kò sì gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí pé ó tún ní ìwé ìrìnnà Gẹ̀ẹ́sì tàbí ti Amẹ́ríkà. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò nílò físà kankan láti wá sùn nílé bàbá rẹ̀, bó bá ti lè gba pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà. Kó tó lè gbà á, ó ní láti ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí wọ́n ń pè ní NIN. Àwọn ibi tí wọ́n ti ń forúkọ sílẹ̀ fún NIN wà ní ìlú òyìnbó náà, kò dìgbà tí ènìyàn bá dé Ìbàdàn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dojú rú ni ìran kẹta. Bí bàbá àti ìyá ọmọ kò bá jẹ́ ọmọ Nàìjíríà mọ́ nígbà tí wọ́n bí i, tó jẹ́ pé bàbá bàbá rẹ̀ ni ọmọ Nàìjíríà, abala 26 ní ó lè béèrè pé kí wọ́n forúkọ òun sílẹ̀ bó bá ti dàgbà. Ó lè béèrè ni, òfin kò sọ pé ó ti di tirẹ̀. Kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, àlejò ni níwájú Ìmígíréṣọ̀n, bó ti wù kó mọ oríkì Ìdèrè tó. Àwọn tó sì kọ̀wé fi jíjẹ́ ọmọ Nàìjíríà sílẹ̀ torí pé ìlú tí wọ́n wà kò gbà kí ènìyàn di ìwé méjì mú, bí Austria, wọ́n ti di àjèjì pátápátá. Jámánì náà le bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí òfin wọn tó yí padà ní 27 oṣù kẹfà ọdún 2024. Ètò físà tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní 2020 ní àyè ìgbélùú títí fún irú àwọn ọmọ Nàìjíríà àtijọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ bèèrè rẹ̀ ní ẹ́ḿbásì kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Ti ọkọ àti aya ló ń bí mi nínú jù. Bí ọmọkùnrin Ìdèrè bá fẹ́ òyìnbó, abala 26 gba ìyàwó rẹ̀ láyè láti forúkọ sílẹ̀ di ọmọ Nàìjíríà. Bí ọmọbìnrin Ìdèrè bá fẹ́ òyìnbó, kò sí àyè bẹ́ẹ̀ fún ọkọ rẹ̀. Ọ̀nà abala 27 ni yóò gbà, ìyẹn sì ń béèrè ọdún 15 nínú ìlú. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin dìbò lórí àtúnṣe rẹ̀, wọ́n sì dà á nù. Ojúsàájú ni lójú tèmi. Àmọ́ bí a bá dé ìlú adẹ́tẹ̀, à á di ìkúùkù ni. Òfin tó wà nílẹ̀ ni a ó fi gbé ìgbésẹ̀ títí wọ́n á fi yí i padà.

Ọkọ òyìnbó yẹn, ọmọ-ọmọ tí ìwé Gẹ̀ẹ́sì nìkan wà lọ́wọ́ rẹ̀, àti ọ̀rẹ́ láti Bẹ̀nẹ̀ tàbí Tógò tó wá ń dáko ní Ìbàràpá, àwọn ni ọ̀rọ̀ ìforúkọsílẹ̀ àjèjì kàn. Ní ọjọ́ 12 oṣù keje ọdún 2019, Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣí ètò tí wọ́n fi ń kọ orúkọ àwọn àjèjì sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, wọ́n sì fún wọn ní oṣù mẹ́fà láti fara hàn láìsan owó ìtanràn. Ẹnikẹ́ni tí kì í ṣe ọmọ Nàìjíríà, tó bá fẹ́ lò ju 90 ọjọ́ lọ, ni wọ́n ní kó wá forúkọ sílẹ̀. Àdéhùn ECOWAS ti 1979 gba ará Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò láyè láti wọlé láìní físà, ọjọ́ 90 náà ni. Lẹ́yìn ìyẹn, ìwé ìgbélùú ló kù. Kò sí ibi kankan tí òfin ti sọ pé ẹni tó nílé kò sí lára àwọn tó gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀. Ilé níní àti ìlú gbígbé, ọ̀kan kò bí èkejì.

Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe níbòmíràn. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ra ilé ìsinmi sétí òkun Spain mọ ọ́n. Ẹni tó bá ń gbé ìlú kan ní Spain gbọ́dọ̀ fi orúkọ sínú ìwé káńsù ibẹ̀ tí wọ́n ń pè ní padrón, àjèjì tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ Yúróòpù, tí kò sì ní ìwé ìgbélùú títí, ní láti máa tún un ṣe ní ọdún méjì méjì. Ẹni tó kàn ń wá sinmi kò gbọ́dọ̀ ju 90 ọjọ́ lọ nínú ọjọ́ 180, kódà bó jẹ́ pé òun ló kọ́ ilé náà láti ìpìlẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn kò gbọ́ èyí sétí àfi lẹ́yìn tí Gẹ̀ẹ́sì kúrò nínú ẹgbẹ́ náà.

Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Òwe yìí ló yẹ kí a kọ sí ẹnu ọ̀nà gbogbo ẹni tó ń fi owó ránṣẹ́ sílé fún ilẹ̀. Láti 29 oṣù kẹta ọdún 1978 tí Òfin Lílo Ilẹ̀ ti dé, abẹ́ gómìnà ni ilẹ̀ ìpínlẹ̀ wà, ìjọba ìbílẹ̀ sì ń fún ènìyàn ní ẹ̀tọ́ ìbílẹ̀ lórí ilẹ̀ tí kì í ṣe ti ìgboro ńlá. Ní 2017, nínú ẹjọ́ àjèjì kan tó ń jẹ́ Huebner, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sọ pé àǹfààní àwọn ọmọ Nàìjíríà ni òfin náà wà fún, àjèjì kò lè fi ara rẹ̀ sípò onílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Gánà tiẹ̀ sọ tirẹ̀ síta nínú ìwé òfin wọn ti 1992: àjèjì kò lè gba ilẹ̀ ju ọdún 50 lọ. Nítorí náà, tọkọtaya tí ọ̀kan wọn jẹ́ ọmọ Ìdèrè, tí èkejì jẹ́ àjèjì, kí wọ́n jẹ́ kí orúkọ ọmọ Ìdèrè wà lórí ìwé ilẹ̀, kí wọ́n sì jẹ́ kí lọ́yà kọ èyí tó jẹ́ ti ẹnì kejì sínú ìwé mìíràn nígbà tí ìfẹ́ ṣì gbóná. Òfin ọdún 2007 tó dá NIMC, àjọ tó ń fúnni ní NIN, sílẹ̀ sì ka rírà àti títa ilẹ̀ mọ́ àwọn ohun tí NIN jẹ́ dandan fún.

Ilẹ̀ ẹbí ní tirẹ̀ yàtọ̀. Bí mọ́gàjí bá ní kí o kọ́lé sẹ́yìnkùlé bàbá rẹ, ilé lo ní, ilẹ̀ ṣì jẹ́ ti ẹbí títí wọn yóò fi pín in fún ọ. Ọmọ tí wọ́n bí sí Manchester kò mọ èyí. Á ní bàbá òun ló nilé, á fẹ́ tà á, ìjà á sì bẹ́. Ẹ jẹ́ kí olórí ẹbí àti àwọn àgbà agbo ilé fọwọ́ sí ìwé níwájú ẹlẹ́rìí nígbà tí wọ́n ṣì wà láyé, kí ìwé sọ́fè tẹ̀ lé e, kí ẹ̀dà kan wà lọ́dọ̀ lọ́yà, kí òmíràn wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ lókè òkun.

Káńsù náà ní ìpín tirẹ̀. Ìwé Òfin 1999 fún ìjọba ìbílẹ̀ láṣẹ láti díwọ̀n ilé aládàáni kó sì gba owó lé e lórí. Ìbàràpá Àárín, tí oríkò rẹ̀ wà ní Igbó-Ọrà, ló ni ti Ìdèrè. Ilé títì pa kì í ṣe ilé tí a yọ sílẹ̀. Òfin owó orí tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní 1 oṣù kìíní ọdún 2026 tún ń wo ọjọ́ 183 tí ènìyàn bá lò nínú ìlú, ó sì ń wo bóyá ènìyàn ní ibùgbé tó wà nílẹ̀ fún un. Ẹ fi ìyẹn han oníṣirò owó kí ẹ tó máa sọ fún àwọn ènìyàn pé ilé méjì lẹ ní.

Ìforúkọsílẹ̀ kan tún wà tí kò sí nínú ìwé òfin kankan. Láti ìgbà tí àwọn agbébọn ti ya wọ ìlú Ìgàngàn ní Ìbàràpá lóru ní oṣù kẹfà ọdún 2021, tí wọ́n pa ènìyàn, tí wọ́n sáná sílé, gbogbo Ìbàràpá ń wo ojú tí wọn kò mọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ilé tó ti wà ní títì, tí iná ṣàdédé tàn nínú rẹ̀ lóru, tí ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ dúró síwájú rẹ̀, ó ń kó ìpayà bá àdúgbò. Kí aṣọ́lé ní orúkọ àwọn tó ń bọ̀ lọ́wọ́. Kí ẹ mú àlejò yín lọ kí baálé agbo ilé, kí ààfin Onídèrè, ọba ìlú, gbọ́ pé wọ́n wà nílùú. Ọmọ tí kò gbọ́ Yorùbá, ẹ kọ́ ọ bí a ti ń kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀ kó tó bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀.

Ẹni tó bá ń bọ̀ ní Kérésì, tí ọjọ́ 90 yóò pé fún ẹnikẹ́ni nínú ilé rẹ̀ kí ó tó padà, kó lọ sí ọ́fíìsì Ìmígíréṣọ̀n ní Ìbàdàn ní ọ̀sẹ̀ tó bá dé. Àmọ́ ọ́fíìsì ìjọba kì í ṣí ní 25 àti 26 oṣù kejìlá, kì í sì í ṣí ní ọjọ́ kìíní ọdún tuntun.