Etí Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Kọ́

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń ya fídíò àwàdà ní Mówè, Ìbàfò àti Ìfọ̀, ẹ súnmọ́ mi, ọ̀rọ̀ wà. Mo mọ̀ pé ohun tó wà lọ́kàn púpọ̀ nínú yín ni kí ẹ di atọ́kùn ètò lórí tẹlifíṣọ̀n, kí ẹ máa sín àwọn èèyàn jàǹkàn-jàǹkàn jẹ, kí tọmọdé tàgbà máa rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ gidi ni. Ẹni tó bá pè é ní iṣẹ́ ọ̀lẹ kò mọ̀ ọ́n. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé ẹnu nìkan lẹ ń kọ́, ẹ kò kọ́ etí.

Ẹ wo Gbénga Adébóyè, ọmọ Òde-Òmu, tí wọ́n bí ní 1959. Orí rédíò ló ti gbajúmọ̀, ní Radio Lagos, láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 sí i, kò sì pẹ́ tí orúkọ Fúnwọntán fi gba gbogbo ilẹ̀ Yorùbá. Òun nìkan ni yóò jókòó sídìí makirofóònù, àmọ́ agbo èèyàn lẹ ó máa gbọ́. Ó pe ara rẹ̀ ní Alhaji Pastor Olúwo, orúkọ náà sì ro ó, nítorí ó mọ bí ààfáà ṣe ń fa ohùn, ó mọ ibi tí pásítọ̀ ti ń gbé tirẹ̀ sókè, ó sì mọ ìgbà tí babaláwo ń dákẹ́ kó tó sọ ohun tí Ifá wí. Ẹni tí kò bá ti fara balẹ̀ gbọ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dáadáa kò lè ṣe é. Bí ó bá ti sọ èdè àdúgbò kan, ará ibẹ̀ á ní ọmọ ilé àwọn ni.

Ibi tí ẹ ti lè kọ́ irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ kò jìnnà sí yín. Láti ìgbà tí Èkó ti kún àkúnya làwọn èèyàn ti ń rọ́ wá kọ́lé sí ẹ̀bá ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Nínú ọkọ̀ kan ṣoṣo tó gbéra ní Ìbàfò lọ sí Bẹ́gà, Ìjẹ̀bú á wà níbẹ̀, Ìjẹ̀ṣà á wà, Ègùn, Ígbò àti Hausa á wà. Ìfọ̀ tiẹ̀ ti wà nínú irú ìdàpọ̀ èèyàn báyìí tipẹ́, torí ibẹ̀ ni ojú irin tó lọ sí Ìlaròó àti Ìdògò ti yà. Ẹ̀gbá, Àwórì àti Yewa sì ń bá ara wọn ná ọjà níbẹ̀ títí dòní. Ẹ yọ íápíìsì kúrò létí nígbà tí ẹ bá wọkọ̀. Ọmọ Ìbàdàn á ní òun fẹ́ ra “isu”, ará Èkìtì á ní òun ń lọ sí “ulé”. Ẹ wo ìyá tó ń wá ṣéńjì rẹ̀. Kò ní kọ́kọ́ béèrè owó. Á ní, “Kọ̀ǹdọ́, ọmọ mi, o kú iṣẹ́ o.” Kọ̀ǹdọ́ á ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Nígbà tó bá di ẹlẹ́ẹ̀kejì, “o kú iṣẹ́” kan náà ni, àmọ́ ohùn ti le, “ọmọ mi” sì ti kúrò níbẹ̀. Àárín ìkíni méjèèjì yẹn ni àwàdà wà.

Nínú ọ̀pọ̀ fídíò tí mò ń rí, gèlè wọ́gọwọ̀gọ àti ariwo ni wọ́n fi ń ṣe ìyá. Taaooma, aláwàdà orí ẹ̀rọ ayélujára, náà ń ṣe ìyá, ó ń ṣe bàbá, ó ń ṣe ọmọ, ṣùgbọ́n ẹ wo bí ìyá yẹn ṣe ń wo ọmọ kí ìgbájú tó dé. Kò sí ẹni tí kò mọ ojú yẹn.

Ẹni tó wà lókè ni kí ẹ sì máa sín jẹ. Nígbà tí Muhammadu Buhari jẹ́ ààrẹ Nàìjíríà, òun ni aláwàdà tó ń jẹ́ MC Tagwaye ń sín jẹ, orúkọ rẹ̀ sì kan káàkiri. Ẹ fi akólòlò, arọ àti alárùn-ọpọlọ ojú títì sílẹ̀ o. Ìyà ti jẹ wọ́n tó.

Ẹ má sá fún ìwé. Gbénga Adéyínká, aláwàdà ọmọ ìpínlẹ̀ Ògùn níbí, ka èdè Gẹ̀ẹ́sì ní yunifásítì, ó sì wà lára àwọn tó sọ iṣẹ́ MC di iṣẹ́ iyì.

Ọ̀rọ̀ owó ló ń dùn mí jù. Gbogbo ayé mọ Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá, ọmọ Ìjẹ̀ṣà. Láti WNTV Ìbàdàn, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tó bẹ̀rẹ̀ ní 1959, ni ẹgbẹ́ Aláwàdà rẹ̀ ti wọ inú ilé àwọn èèyàn. Ní 1982, ó ná owó rẹpẹtẹ sórí fíìmù Ọ̀run Móoru. Àwọn olè dà á kọ, wọ́n ń tà á, gbèsè sì wọ ọkùnrin náà lọ́rùn. Àwọn tí kò bá a ṣe wàhálà kankan ló jẹ èrè iṣẹ́ rẹ̀. Ó pa Nàìjíríà lẹ́rìn-ín títí, kó tó kú ní 2018, mi ò sì rò pé orílẹ̀-èdè yìí san ẹ̀san rẹ̀ fún un. Nítorí náà, ẹ má buwọ́ lùwé tí ẹ kò kà. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ òfin bá yín wò ó. Orúkọ yín ni kó wà lórí àkáǹtì tí ẹ fi ń gbé fídíò jáde, kì í ṣe orúkọ ọ̀rẹ́ tó ra détà.

Ẹ tọ́jú ara yín pẹ̀lú. Ẹni ọdún 43 péré ni Gbénga Adébóyè nígbà tó kú ní 2003. Ẹ máa sùn, ẹ máa jẹun lásìkò, bí àìsàn bá dé, ẹ tètè lọ sílé ìwòsàn.

Mo wá bẹ̀ yín. Kí fídíò tó kàn tó jáde, ẹ wá àgbàlagbà kan ní Ìfọ̀ tó ṣì ń sọ Ẹ̀gbá tàbí Àwórì ògidì. Ẹ kí i dáadáa, ẹ tọrọ ààyè, kí ẹ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì máa gbọ́ ọ títí yóò fi mọ́ yín létí.