Báwo Lo Ṣe Máa Dá Àwọ̀ Corn Snake Rẹ Mọ̀?

Àbúrò mi, kú oríire ejò tuntun o! Ọmọ gúúsù ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà ni corn snake, àwọ̀ rẹ̀ sì pọ̀ lóríṣiríṣi. Wá gbọ́ bí mo ṣe máa ń dá wọn mọ̀.

Jẹ́ kí ejò rẹ jẹun ná, kí ara rẹ̀ balẹ̀. Bí ojú rẹ̀ bá ṣe bàìbàì, tí ara rẹ̀ sì ṣú, ó fẹ́ bọ́ awọ ni. Má yẹ̀ ẹ́ wò lásìkò yẹn, irọ́ ni àwọ̀ rẹ̀ máa pa fún ọ. Ó ti bọ́ ọ tán? Gbé e lọ sẹ́bàá fèrèsé lọ́sàn-án. Èmi ò gba iná yàrá gbọ́ rárá.

Ojú ni kí o kọ́kọ́ wò. Bí ẹyinjú bá pọ́n, tí o kò rí dúdú kankan lára ejò náà, amel ni wọ́n ń pe àwọ̀ yẹn. Bó bá jẹ́ pupa ni kò sí, tó jẹ́ eérú àti dúdú ló pọ̀ jù lára rẹ̀, ó lè jẹ́ anery. Bí dúdú àti pupa bá jọ pòórá, tí ejò náà funfun, snow ló sábà máa ń jẹ́.

Bí ilà dúdú tó nípọn bá yí àbàwọ́n pupa ká lórí ara aláwọ̀ ọsàn, wò ó dáadáa, Okeetee lè ni. Orúkọ ẹgbẹ́ ọdẹ kan ní South Carolina ni wọ́n fi pè é. Òun ni ààyò mi.

Àṣírí tí n kì í fi ṣeré nìyí: abẹ́ ikùn. Má ṣe yí ikùn rẹ̀ sókè o, ẹ̀rù á bà á. Gbé e sínú ike tó mọ́ gaara, dé e, gbé ike náà sókè, kí o wò ó láti ìsàlẹ̀. Ikùn corn snake tó wọ́pọ̀ ní àmì onígun mẹ́rin, dúdú àti funfun, tí wọ́n ń tẹ̀ léra. Lára amel, àmì náà á pọ́n dípò dúdú. Bí ikùn bá mọ́ láìní àmì, yára wo ẹ̀yìn rẹ̀. Bí àmì ẹ̀yìn bá so mọ́ra bí òrùka, motley ni. Bó bá jẹ́ ilà gbọọrọ láti ọrùn lọ sí ìrù, stripe ni.

Bí ejò náà bá ṣì kéré, má kánjú. Anery lè ní àwọ̀ ìyeyè lọ́rùn, ṣùgbọ́n ìgbà tó bá ń dàgbà ló máa ń yọ. Ya fọ́tò rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá bọ́ awọ, lẹ́bàá fèrèsé kan náà.

Kí o sì béèrè àwọ̀ bàbá àti ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún ọ. Ejò lè gbé àwọ̀ mìíràn sínú tí ojú kò lè rí. Het ni àwọn olówò ejò ń pè é. Kọ ohun tó bá sọ sílẹ̀, kí o lẹ̀ ẹ́ mọ́ àpótí ejò náà.