Nígbà Tí Iṣan Ẹ̀jẹ̀ Ńlá Bá Dí Lára Ẹni Tí Ó Ní Àrùn Jẹjẹrẹ

Ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀yin ará ilé, ẹni tí ó ń tọ́jú aláìsàn ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ rí àyípadà lára rẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí ẹ mọ ewu kan tí ó lè dé bá ẹni tí ó ní àrùn jẹjẹrẹ, kí ẹ sì mọ̀ pé ìtọ́jú kan wà fún un tí kò gba pé kí a la àyà.

Kí ni ó ń ṣẹlẹ̀?
Iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá kan wà nínú àyà tí ó ń gba ẹ̀jẹ̀ láti orí, ọrùn àti apá padà sí ọkàn. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, jẹjẹrẹ tí a ń pè ní lymphoma, tàbí jẹjẹrẹ ọmú tí ó ti ràn wọ inú àyà, lè fún iṣan yìí pa. Ẹ̀jẹ̀ sì lè dì sínú rẹ̀. Ẹ wo Agege Motor Road: bí ọ̀nà bá dí ní Òṣòdì, ọkọ̀ yóò tò dé Ìkẹjà, àwọn mìíràn yóò sì yà sí àdúgbò. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀jẹ̀ ṣe ń kún sẹ́yìn, tí ó sì ń wá ọ̀nà gba inú àwọn iṣan kéékèèké.

Àwọn àmì wo ni kí a ṣọ́?
1. Ojú, ọrùn tàbí apá ń wú, pàápàá ní òwúrọ̀.
2. Èémí kò délẹ̀ bí aláìsàn bá dùbúlẹ̀.
3. Orí ń fọ́ ọ, òòyì sì ń kọ́ ọ bí ó bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.
4. Iṣan ọrùn àti ti àyà yọ síta.
5. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo wú, ó sì ń dùn ún: ẹ̀jẹ̀ lè ti dì sínú iṣan ẹsẹ̀ náà.

Báwo ni ìtọ́jú náà ṣe rí?
Ní ọdún 1986, àwọn dókítà kan ní Amẹ́ríkà ròyìn bí wọ́n ṣe fi àwọ̀n onírin la irú iṣan bẹ́ẹ̀. Dókítà yóò fún aláìsàn ní abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí ojú ibẹ̀ mọ ìrora. Yóò ti wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ inú iṣan láti itan tàbí ọrùn, yóò sì máa fi ẹ̀rọ X-ray wo ọ̀nà rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò tẹ́ àwọ̀n kékeré síbi tí ó dí, kí ó lè là sílẹ̀. Wíwú ojú sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀ láàrin ọjọ́ kan sí mẹ́ta.

Àwọ̀n yìí kì í wo jẹjẹrẹ sàn. Ó ń fún aláìsàn ní ìtura kí ó lè gba oògùn tàbí ìtọ́jú onítànṣán, irú èyí tí ilé ìtọ́jú NSIA-LUTH tí a ṣí ní Ìdí-Àràbà ní ọdún 2019 ń ṣe. Iṣan náà tún lè dí, nítorí náà kí aláìsàn má ṣe pa ọjọ́ àyẹ̀wò jẹ.

Kí ni kí ará ilé ṣe?
Ẹ gbé aláìsàn jókòó, kí ẹ fi ìrọ̀rí tì í lẹ́yìn. Ẹ má ṣe wọ́ ẹsẹ̀ tí ó wú, ìbáà ṣe àdí tàbí òrí ni ẹ fẹ́ fi wọ́ ọ: ẹ̀jẹ̀ dídì lè já, kí ó lọ dí ẹ̀dọ̀fóró, ìyẹn sì lè pa ènìyàn. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fa omi tàbí gún abẹ́rẹ́ sí apá tí ó wú. Ẹ má sì jókòó máa wá ẹni tí ó ṣe é.

Ní ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Orílé-Agége, Ifàkọ̀-Ìjàyè tàbí LASUTH ní Ìkẹjà. Bí èémí bá ń há, tàbí tí kò mọ ibi tí ó wà mọ́, ẹ má ṣe dúró de ilẹ̀ mọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ òru. Ẹ mú ìwé ìwòsàn àti gbogbo oògùn rẹ̀ dání. Kì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn ni ó ní amọṣẹ́ tí ń fi àwọ̀n la iṣan. Ẹ bi dókítà bí ó bá yẹ aláìsàn yín, àti ibi tí wọn yóò ti ṣe é.

Àìtètè mólè, olè ń mólóko.