Májèlé Kò Mọ Ẹni Tí Ó Rà Á: Ẹ̀kọ́ Lórí Oògùn Apakòkòrò Nínú Ilé

Àwọn olóòtú ní kí n kọ ẹ̀kọ́ kan sínú ìwé ìròyìn ayẹyẹ yìí, irú èyí tí mo máa ń kọ́ yín nígbà tí mo ṣì ń fi ẹfun kọ̀wé sára pátákó. Mo ì bá yan ẹ̀kọ́ tí ó dùn ún gbọ́ ju èyí lọ, ṣùgbọ́n ìpè kan tí mo gbà lórí fóònù ni ó yan èyí fún mi.

Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde wa tí ó ń gbé ní Amẹ́ríkà ni ó pè láti béèrè àlàáfíà mi. Nígbà tí a sọ̀rọ̀ díẹ̀, ó sọ ohun tí ó fi ń najú lẹ́yìn iṣẹ́ fún mi. Ó ní àpótí díńgí ńlá kan wà ní pálọ̀ òun, tí ó kún fún omi iyọ̀, tí òun ń sin ẹja òkun àti iyùn ààyè nínú rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ iyùn ààyè yà yín lẹ́nu. Iyùn tí àwọn ọba wa ń so mọ́ ọrùn, egungun ẹ̀dá kéékèèké inú òkun ni. Àwọn ẹ̀yà kan wà tí a lè sìn nínú díńgí, tí wọ́n ní àwọ̀ oríṣiríṣi bí òdòdó.

Ó ní bí òun bá ra iyùn tuntun, òun kì í tètè gbé e sínú omi, nítorí aràn pẹlẹbẹ àti kòkòrò tín-ín-tìn-ín máa ń bá a wá, wọ́n a sì jẹ àwọn tí ó ti wà nílé run. Nítorí náà, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ òun a máa da oògùn apakòkòrò tí a ń fín sára òdòdó ọgbà sínú omi, wọ́n a sì rẹ iyùn náà sínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Abọ́ ìdáná ni ó ń lò. Ọwọ́ lásán ni ó fi ń mú un. Ó wá rẹ́rìn-ín, ó ní: “Tíṣà, ìka mi a máa ṣe mí bí ẹni pé èèrà ń rìn lára rẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣèyọnu, iyùn mi mọ́ tónítóní.”

Èmi kò lè bá a rẹ́rìn-ín.

Oògùn tí a yí iṣẹ́ rẹ̀ padà

Ohun tí mo kọ́kọ́ sọ fún un ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé, bí ẹ kò bá tilẹ̀ rántí èyí tí ó kù. Ìwé tí a lẹ̀ mọ́ ara ìgò oògùn apakòkòrò, iṣẹ́ kan pàtó ni wọ́n kọ ọ́ fún. Ìwọ̀n tí a ó lò, ohun tí a ó wọ̀, ibi tí a ó ti lò ó àti iye àkókò tí a ó fi jìnnà sí ibẹ̀, iṣẹ́ yẹn nìkan ni gbogbo wọn wà fún. Ní ọjọ́ tí a bá fi oògùn náà ṣe iṣẹ́ mìíràn, a ti jáde kúrò lábẹ́ ààbò ìwé náà.

Ẹni tí ó ṣe oògùn òdòdó gbà pé ìta gbangba ni a ó ti fín in, níbi tí atẹ́gùn yóò ti fẹ́ ẹ lọ. Kò rò pé a ó lò ó nínú pálọ̀, tí a ó ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, tí omi rẹ̀ yóò sì máa ta sí ojú bí a ti ń gbọn iyùn. Irú oògùn bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ní èròjà tí a ń pè ní pyrethroid nínú. Òun ni ó máa ń mú kí awọ ara ṣe ni bí ẹni pé èèrà ń rìn níbẹ̀, nítorí ó ń da àwọn iṣan ìmọ̀lára inú awọ láàmú. Ó sábà máa ń lọ láàárín ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n àmì ni pé oògùn ti dé ibi tí kò yẹ kí ó dé. Bí ẹni náà bá fi ọwọ́ kan náà nu ojú, tàbí tí ó jẹ́ ẹni tí ó ní ikọ́ fée, ọ̀rọ̀ lè di ti ilé-ìwòsàn. Bí abọ́ tí ó lò bá padà sí ìdáná, ẹnu àwọn ọmọ rẹ̀ ni ohun tí ó kù lára rẹ̀ yóò já sí. Bí ó bá sì da omi rẹ̀ sí gọ́tà tí ó ń ṣàn lọ sódò, kékeré pyrethroid ti tó láti pa ẹja àti edé.

Òru ọjọ́ kan ní ilé àwọn ọmọkùnrin

Ìdí tí n kò fi lè rẹ́rìn-ín nìyí. Nígbà kan tí mo jẹ́ alábòójútó ilé tí àwọn ọmọkùnrin ń gbé, ìdun pọ̀ lórí ibùsùn wọn. Ọmọ kan wá bá mi, ó ní òun kò lè sùn. Èmi fúnra mi ni mo ra ìgò oògùn kékeré kan lọ́jà, èmi ni mo sì fi lé e lọ́wọ́. N kò ka ohun tí a kọ sára rẹ̀. Olùkọ́ kẹ́místírì ni mí. Mo rò pé mo mọ̀ ọ́n. Mo ní kí ó lọ fi pa ìdun, mo sì bá tèmi lọ.

Ọmọ náà da oògùn náà sórí mátírẹ́ẹ̀sì láìfi omi là á. Ó fi ọwọ́ pa á káàkiri, ó ti fèrèsé kí ìdun má baà sá, ó sì sùn lé e lálẹ́ ọjọ́ náà. Ní nǹkan bí agogo méjì òru, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá kan ilẹ̀kùn mi. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, omijé ń ṣàn lójú rẹ̀, aṣọ rẹ̀ tutù fún òógùn, ọmọlójú rẹ̀ sún kì bí orí abẹ́rẹ́, ẹran ara rẹ̀ sì ń fò. Ẹnìkan ti sáré lọ bu epo pupa wá, a sì fẹ́ rọ ọ́ sí i lẹ́nu. Ìyá alásè wa, tí kò kàwé púpọ̀, ni ó gba epo náà lọ́wọ́ wa, tí ó ní kí a lọ wá ọkọ̀.

Ọlọ́run ṣàánú. Àwọn oníṣègùn gba ọmọ náà là, ó sì ti di bàbá ọmọ báyìí. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi jókòó ti ìyá rẹ̀ ní ilé-ìwòsàn, n kò sì lè sọ fún un pé èmi ni mo ra ìgò náà. Ní ọjọ́ kẹrin, mo sọ ọ́. Obìnrin náà wò mí títí, ó ní: “Tíṣà, ẹ kọ́ àwọn yòókù.”

Bí májèlé náà ṣe ń ṣiṣẹ́

Dichlorvos ni orúkọ ohun tí ó wà nínú ìgò náà. Àwọn mìíràn ń pè é ní DDVP. Òun náà ni ó sábà máa ń wà nínú òtápíápíá tí wọ́n ń kiri. Àjọ Ìlera Àgbáyé kà á mọ́ àwọn oògùn apakòkòrò tí ewu wọn ga gidigidi.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìránṣẹ́ ṣe àpẹẹrẹ. Nígbà tí ara bá fẹ́ kí iṣan kan ṣiṣẹ́, ó ń rán ìránṣẹ́ kan sí i tí a ń pè ní acetylcholine. Ìránṣẹ́ náà a kan ilẹ̀kùn, iṣan a sì dáhùn. Bí ó bá ti jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ tán, ẹ̀ṣọ́ kan wà lẹ́nu ọ̀nà tí ń mú un kúrò kí iṣan lè sinmi. Cholinesterase ni orúkọ ẹ̀ṣọ́ yìí. Òun gan-an ni dichlorvos máa ń dè lọ́wọ́. Ìránṣẹ́ yóò wá máa kan ilẹ̀kùn láìdáwọ́ dúró: itọ́ yóò máa dà, inú yóò máa ṣí, ara yóò máa gbọ̀n, títí yóò fi rẹ àwọn iṣan tí a fi ń mí. Bí aáyán ṣe ń dojú ẹsẹ̀ sókè tí ó ń gbọ̀n nìyẹn. Ẹ̀ṣọ́ tí ó wà nínú ara aáyán wà nínú ara tiwa náà. Májèlé kò mọ ẹni tí ó rà á.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ó ń gbà wọ ara. Ó ń gba awọ ara wọlé, pàápàá nígbà tí a kò bá fi omi là á. Ó ń gba imú wọlé, nítorí dichlorvos a máa gbẹ sínú afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ láìsí iná, yàrá tí a tì a sì kún fún un. Ó sì ń gba ẹnu wọlé, láti ọwọ́ tí a kò fọ̀ àti láti inú oúnjẹ. Ewu náà pọ̀ fún ọmọdé ju àgbà lọ: ara wọn kéré, wọ́n ń rákò nílẹ̀, wọ́n sì ń ki ọwọ́ bọ ẹnu.

Ẹ̀wà inú ìkòkò wa

Bí ẹnìkan bá ń sọ nínú ọkàn rẹ̀ pé òun kò sin iyùn, òun kò sì ní ìdun, kí ó wo ìkòkò ẹ̀wà. Àwọn oníṣòwò kan ń fi dichlorvos sí ẹ̀wà gbígbẹ kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Ní oṣù kẹfà ọdún 2015, Ìṣọ̀kan Yúróòpù dá ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà dúró kí ó má wọ ilẹ̀ wọn mọ́. Ìwọ̀n tí òfin wọn gbà láàyè ni 0.01 mílígíráàmù nínú kílógíráàmù kan. Ohun tí wọ́n bá nínú ẹ̀wà wa jẹ́ láti 0.03 títí dé 4.6. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: èyí tí ó ga jù jẹ́ ìlọ́po 460. Àwọn kọ̀ ọ́ níbodè wọn. Àwa ń sè é fún àwọn ọmọ wa. Ní ọdún 2019, àjọ NAFDAC fòfin de ìgò dichlorvos kékeré, láti 100 mílílítà sílẹ̀, nítorí àwọn ènìyàn ń ṣì í lò nínú ilé. Òfin dára, ṣùgbọ́n ọwọ́ wa ni ìyókù wà.

A lè tọ́jú ẹ̀wà láìsí májèlé. Ẹ sá a kí ó gbẹ dáadáa, ẹ rọ ọ́ kún inú kẹ́ẹ̀gì tí ó mọ́ títí dé ẹnu, kí ẹ sì dé e pinpin. Àwọn kòkòrò inú rẹ̀ yóò mí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tán, wọn yóò sì kú. Ọgbọ́n kan náà ni ti àpò onípele mẹ́ta tí a ń pè ní PICS. Bí ẹ̀wà bá kéré, tí iná sì wà, kí ó wà nínú fíríísà fún ọjọ́ mẹ́rin, ó kéré tán.

Bí a bá gbọ́dọ̀ lò ó

1. Ẹ ka ìwé ara ìgò tán kí ẹ tó ṣí i, kí ẹ má sì lò ó fún iṣẹ́ tí a kò kọ síbẹ̀.

2. Ẹ má ṣe dà á sínú ìgò omi tàbí ti ẹlẹ́rìndòdò láé. Ẹ tì í mọ́ ibi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè tó, kí ó sì jìnnà sí oúnjẹ.

3. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ nitrile, aṣọ alápá gígùn àti awò tí ó bo ojú. Ìbòmú aláṣọ tí a lò nígbà Kòrónà kò lè dá irú oògùn yìí dúró.

4. Ẹ kó ènìyàn, ẹran ọ̀sìn àti oúnjẹ jáde, kí ẹ sì ṣí fèrèsé kí atẹ́gùn lè fẹ́ dáadáa kí ẹnikẹ́ni tó padà wọlé.

5. Abọ́ tàbí ife tí ó bá ti kan oògùn kò gbọdọ̀ padà sí ìdáná mọ́.

6. Ẹ fi ọṣẹ wẹ̀ kí ẹ tó jẹun, kí ẹ fọ aṣọ náà lọ́tọ̀, kí ẹ sì lu ìgò òfìfo náà kí ẹnikẹ́ni má baà fi bu nǹkan.

Bí ó bá ti ṣẹlẹ̀

Ẹ gbé ẹni náà jáde sí ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀, kí ẹ fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ wẹ̀ ẹ́. Ẹni tí ń wẹ̀ ẹ́ gbọ́dọ̀ fi ìbọ̀wọ́ tàbí ọ̀rá bo ọwọ́ tirẹ̀. Bí ó bá ta sí ojú, ẹ máa da omi mímọ́ sí i fún ìṣẹ́jú 15. Ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má fún un ní mílíìkì, ẹ má sì ki ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun kí ó lè bì. Epo kì í ṣe ẹ̀rọ̀ májèlé yìí; ó lè gba ọ̀nà òdì lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, kí ó sì dá kún ìṣòro. Ẹ gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì mú ìgò oògùn náà dání. Oògùn tí a ń pè ní atropine wà lọ́wọ́ àwọn oníṣègùn fún irú èyí, ṣùgbọ́n wọ́n ní láti mọ ohun tí wọ́n ń bá jà.

Ẹ rántí ìtàn wòlíì Èlíṣà ní Gílígálì, nígbà ìyàn. Ẹni tí ó lọ sí oko, tí ó já èso tí kò mọ̀, tí ó sì rẹ́ ẹ sínú ìkòkò ọbẹ̀, kì í ṣe ènìyàn búburú. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó fẹ́ bọ́. Èmi náà, oorun ni mo fẹ́ kí ọmọ yẹn rí sùn. Èrò rere kò sọ májèlé di omi. Wòlíì bu ìyẹ̀fun sínú ìkòkò náà, ó sì sàn. Àwa kò ní irú ìyẹ̀fun bẹ́ẹ̀. Kíkà ara ìgò ni a ní.

Ọmọ wa tí ó wà ní Amẹ́ríkà tún pè mí lọ́sẹ̀ tí ó kọjá. Ó ní òun ti ra oògùn tí a dìídì ṣe fún rírẹ iyùn, àti ìbọ̀wọ́, àti abọ́ tí kì í ṣe ti oúnjẹ. Mo bá a rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Ní tiyín, kí ẹ tó pa ìwé ìròyìn yìí dé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ lọ wo abẹ́ ibùsùn àti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ìdáná. Bí ẹ bá rí ìgò kan níbẹ̀, ẹ gbé e sí ìmọ́lẹ̀, kí ẹ sì ka ohun tí a kọ sí ara rẹ̀.