Àlọ àti Àbọ̀ Láàárín London àti New York

Ọ̀nà tí ó kúrú jù lọ lójú òfuurufú láti London dé New York tó nǹkan bí 5,550 kìlómítà, kò sì gùn sí i, kò dín, ì báà ṣe àlọ, ì báà ṣe àbọ̀; síbẹ̀, ọkọ̀ òfuurufú tí ó bá ti London kọrí sí ìwọ̀-oòrùn a máa lo nǹkan bíi wákàtí 8, nígbà tí èyí tí ń ti New York bọ̀ lè gúnlẹ̀ ní wákàtí 7, nígbà mìíràn kò tilẹ̀ ní tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ẹlòmíràn a ní yíyí tí ayé ń yí lábẹ́ ọkọ̀ ni ó fà á; ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé t'ayé t'afẹ́fẹ́ tí ó yí i ká ni wọ́n jọ ń yí. Ẹ̀fúùfù lẹ̀lẹ̀ kan ni, tí í fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn ní nǹkan bíi kìlómítà 9 sí 12 lókè, tí í ti ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn, tí í sì í ko ẹni tí ń lọ lójú. Ìgbà òtútù ni ọwọ́ rẹ̀ í le jù. Ní irú ìgbà bẹ́ẹ̀ ni Concorde, àrà ọ̀tọ̀ ọkọ̀ tí í sáré ju ìró lọ nígbà tí ó ṣì ń fò, ti New York dé London ní ọjọ́ 7 oṣù Kejì ọdún 1996 láìpé wákàtí 3.