Viññāṇa: Ìṣòro Ìtumọ̀ Ọ̀rọ̀-ìperí Kan nínú Ẹ̀kọ́ Búdà

Nínú iṣẹ́ ìtumọ̀ ní kíláàsì, ọ̀rọ̀-ìperí ẹ̀sìn a máa da olùkọ́ èdè abínibí láàmú. Àpẹẹrẹ kan ni viññāṇa, ọ̀rọ̀ èdè Páálì tí ìwé mímọ́ ẹ̀sìn Búdà fi ń pe mímọ̀ tí ènìyàn ń mọ̀ nígbà tí ẹ̀yà ìmọ̀lára rẹ̀ bá bá nǹkan pàdé. Bí olùkọ́ bá pè é ní 'ẹ̀mí', yóò dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ti yanjú. Kò tíì yanjú rárá.

Ẹ̀yà ìmọ̀lára mẹ́fà ni ẹ̀kọ́ náà kà: ojú, etí, imú, ahọ́n, ara àti èrò-inú. Ẹ̀kẹfà yìí ni yóò ya akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu, nítorí márùn-ún ni wọ́n ń kọ́ ọ nílé ẹ̀kọ́. Bí etí ṣe ní ìró, bẹ́ẹ̀ ni èrò-inú ní èrò àti ìrántí tirẹ̀. Nígbà tí ojú àti ohun tí ó ṣeé rí bá pàdé ni ìmọ̀ ojú tó yọ. Ìpàdé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni phassa.

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ 38 nínú Majjhima Nikaya sọ nípa Sati, ọmọ apẹja tí ó di mọ́ńkì. Ó gbà pé viññāṇa kan náà, láìyípadà, ni ó ń rìn láti ayé kan dé òmíràn. Búdà bá a wí gidigidi, ó sì fi iná ṣe àlàyé: èyí tí ó ń jó igi ni iná igi, èyí tí ó ń jó koríko ni iná koríko. Ohun tí ó bí i ni wọ́n fi ń sọ ọ́ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ ni viññāṇa rí.

Lójú Yorùbá, ẹ̀mí a máa wọ ara, a sì máa jáde lára. Olùkọ́ tí ó bá lò ó ti fi àṣìṣe Sati sí Búdà lẹ́nu. 'Ìmọ̀ ojú', 'ìmọ̀ etí', 'ìmọ̀ imú' sàn jù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé 'ìmọ̀' tún ń tọ́ka sí ẹ̀kọ́ tí ènìyàn ti kó jọ. 'Ìgbọ́' kò lè rọ́pò 'ìmọ̀ etí', nítorí Yorùbá a máa gbọ́ ìró, a máa gbọ́ òórùn, a sì máa gbọ́ èdè. Olùkọ́ Ígbò yóò bá irú rẹ̀ pàdé nínú nụ, tí ó wà fún ìró àti òórùn. Ti Haúsá tilẹ̀ le jù: ji kan etí, imú, ahọ́n àti ara.