Ẹ̀KỌ́ WA: ERÉKÙṢÙ KÍÓSÌ, NÍBI TÍ OJE IGI TI DI ỌJÀ

 

Àwọn àgbà ní bí a kò bá rìn jìnnà, a kò lè rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Nínú ẹ̀kọ́ tòní, a fẹ́ rìn jìnnà díẹ̀. Ìrìn náà kò gba fisà, kò gba owó ọkọ̀. Erékùṣù kan là ń lọ, Kíósì lorúkọ rẹ̀, lápá ìlà-oòrùn Òkun Mẹditaréníà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka Bíbélì ti lè pàdé rẹ̀ nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 20, níbi tí ọkọ̀ Pọ́ọ̀lù ti gba ọ̀kánkán rẹ̀ kọjá. Ilẹ̀ Gíríìsì ló ni ín, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Tọ́kì ló sún mọ́ jù: omi tó là wọ́n láàárín kò ju bíi kìlómítà 7 lọ níbi tó ti fún jù.

Kí la fẹ́ lọ wò níbẹ̀? Àwọn abúlé kan wà ní gúúsù erékùṣù yìí tó jẹ́ pé oje igi kan ló ń bọ́ wọn láti ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún wá. A fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ṣe é tí ọjà náà fi wà lọ́wọ́ wọn dòní.

IGI TÓ Ń SUNKÚN

Mástíkì lorúkọ oje náà. Igi rẹ̀ kò ga, mítà 2 sí 3 náà ni. Irú igi bẹ́ẹ̀ pọ̀ létí Òkun Mẹditaréníà, ṣùgbọ́n gúúsù Kíósì ni òkìkí oje rẹ̀ ti kàn.

Bó bá di nǹkan bí oṣù kẹfà, wọ́n á gbá abẹ́ igi mọ́ tónítóní, wọ́n á tẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ pẹrẹsẹ, wọ́n á wá ku erùpẹ̀ funfun kan bí ẹfun sí i. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó sá èèpo igi níwọ̀n-ọn-wọ̀n. Oje á bẹ̀rẹ̀ sí í kán sórí erùpẹ̀ funfun náà. Omijé ni wọ́n ń pe ẹ̀kán oje yìí. Tó bá tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, á ti le, wọ́n á ṣà á.

Ẹ má rò pé iṣẹ́ ti parí o. Nígbà òtútù, àwọn obìnrin abúlé á kó ara wọn jọ sílé, wọ́n á fi ọ̀bẹ kékeré fá ìdọ̀tí kúrò lára oje náà lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń ṣa ẹ̀wà. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, nígbà púpọ̀ igi kan kì í mú tó ìdá mẹ́rin kílò kan wá lọ́dún! Àwọn èèyàn ń jẹ ẹ́ lẹ́nu bíi ṣingọ́ọ̀mù, wọ́n ń fi sí búrẹ́dì, áìsìkíríìmù, ọtí, àti ọṣẹ ìfọyín.

ÀWỌN ABÚLÉ TÓ YẸ KÉÈYÀN RÍ

Àwọn ará Jẹ́nóà láti ilẹ̀ Ítálì ló jọba lé Kíósì lórí láti 1346 títí di 1566. Nítorí olè orí omi, àti nítorí kí wọ́n lè ṣọ́ mástíkì, wọ́n kọ́ àwọn abúlé náà bí odi. Ilé fara ti ilé, ẹ̀yìn ilé ni ògiri ìlú, ilé ìṣọ́ gíga kan sì wà láàárín. Bẹ́ ẹ bá dé Mesta, ẹ ó rí i bẹ́ẹ̀: ojú ọ̀nà tóóró, òrùlé bo òmíràn mọ́lẹ̀, àlejò a sì máa ṣìnà níbẹ̀.

Pyrgi ní tiẹ̀, ọnà ara ògiri ló gbé e níyì. Wọ́n á fi iyanrìn dúdú rẹ́ ògiri, wọ́n á kun ẹfun lé e, kó tó gbẹ, wọ́n á ha ẹfun náà kúrò níbì kan kí dúdú lè yọ. Bẹ́ ẹ bá wò ó lókèèrè, àfi bí ẹni pé wọ́n ta àdìrẹ bo ilé. Tòmátì wẹ́wẹ́ tí wọ́n sín sí okùn a tún máa rọ̀ lójú ilé, kó lè pẹ́ títí di ìgbà òtútù.

OHUN TÍ ẸLẸ́DÀÁ DÁ SÍBẸ̀

Nítòsí abúlé Olympoi ni ihò ilẹ̀ kan wà tí wọ́n ṣàwárí ní 1985. Omi tó ń kán láti òkè ti di òkúta nínú rẹ̀, òmíràn rọ̀ bí aṣọ títa. Létí òkun ní Emporios, òkúta wẹ́wẹ́ dúdú ló kún etíkun Mavra Volia. Òkè kan tó yọ iná láyé àtijọ́ ló pọ̀ wọ́n jáde.

Anavatos wà lórí àpáta gíga, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dahoro. Ní 1822, àwọn ọmọ ogun Tọ́kì pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ní Kíósì, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ lẹ́rú. Nígbà tí ogun náà bẹ̀rẹ̀, wọ́n dá àwọn abúlé mástíkì sí, torí pé ààfin Súltánì ń fẹ́ oje wọn.

ÀGBÁJỌ ỌWỌ́ LA FI Ń SỌ̀YÀ

Ẹ gbọ́ ná. Láyé Jẹ́nóà àti láyé Tọ́kì, ẹni tó ń sá igi kọ́ ló ni èrè. Nígbà tí Kíósì bọ́ lọ́wọ́ Tọ́kì ní 1912, kálukú wá ń dá tà, oníṣòwò tó bá dé ló ń dá iye. Ní 1938 ni àwọn àgbẹ̀ yìí wá dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀: ogún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ló para pọ̀ di ọ̀kan, ibẹ̀ ni gbogbo mástíkì ń gbà dé ọjà. Ní 1997, Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Yúróòpù dáàbò bo orúkọ náà. Oje ibòmíràn kò gbọdọ̀ jẹ́ mástíkì Kíósì. Ní 2014, àjọ UNESCO kọ ìmọ̀ iṣẹ́ náà sínú àwọn àṣà tó yẹ kí ayé tọ́jú. Lóòótọ́, iná jó ọ̀pọ̀ igi wọn ní 2012, igi tuntun sì ń tó nǹkan bí ọdún márùn-ún kó tó mú oje wá. Àmọ́ wọ́n tún gbìn.

Ẹ̀yin ìyá, àwa náà rí bí aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ ṣe ń jẹ́ orúkọ àdìrẹ lọ́jà, tí iya aláró ń káwọ́ gbera. Ẹni tí kò bá ṣọ́ orúkọ ọjà rẹ̀, ẹlòmíràn á jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé ọ̀bẹ kékeré yẹn: ká tó béèrè owó gidi, ká kọ́kọ́ ṣa ìdọ̀tí kúrò.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌPÀDÉ WA

1. Kí nìdí tí dídá tà fi pa àwọn àgbẹ̀ mástíkì lára?
2. Èwo nínú ọjà tiwa ni orúkọ rẹ̀ fẹ́ bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́? Kí la lè ṣe sí i?
3. Bí ẹgbẹ́ bá ń dá iye lé ọjà, báwo la ṣe lè ṣe é tí a kò fi ní ni oníbàárà lára?

Ẹ bá wa ka èyí fún àwọn tí kò ríran kàwé. Ọjà á tà o.